Ọmọ náà ga tó

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lè jókòó kọ ọ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, láti ìgbà tí a ti ń múra títí dé ìgbà tí a padà délé, n kò sì ní fo ibi tí mo ti purọ́ fún ọmọ-ọmọ mi. Ibẹ̀ gan-an ló mú kí n kọ ọ́. Àwa àgbà tó máa ń dá nìkan mú ọmọ-ọmọ jáde pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan nínú wa ti ṣèlérí fún ọmọ kan báyìí, tó ń ka ọjọ́.

Ọgbà ìgbafẹ́ ni mo mú un lọ, irú èyí tó tóbi, tó ní odò àfọwọ́ṣe, ọkọ̀ ojú omi, ẹṣin onígi tó ń yí po, àti ọkọ̀ orí irin tó ń gùnkè tó sì ń já wálẹ̀ fìrì, tí wọ́n ń pè ní roller coaster. N kò ní dárúkọ ọgbà náà. Wọn ò ṣẹ̀ mí.

Àwa méjèèjì

Obìnrin ni ọmọ-ọmọ mi yìí. Ọdún mẹ́rin àti oṣù méje ló jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó máa ń béèrè ìdí gbogbo nǹkan, bí o bá sì ti sọ ìdí kan fún un, á gbé e lọ sórí ibùsùn, á gbé e jí láàárọ̀, á tún padà wá bi ọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí.

Ẹni ọdún 66 ni èmi. Mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọdún kẹsàn-án nìyí tí mo ti ń lo oògùn sí i. Orúnkún mi ọ̀tún kì í sì í fẹ́ kí n dúró pẹ́ lójú kan. Kò sí àṣírí nínú èyí: ọmọ mi tó bí ọmọ náà mọ̀, dókítà mi mọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ kó mọ̀ ni ọmọ kékeré náà. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tí màmá àgbà ò lè ṣe. Mo fẹ́ràn ojú tó fi ń wò mí yẹn gan-an, ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ tí kò lè fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí a sún un síwájú. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọmọ ogójì ni mo máa ń kó jáde nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹyọ kan ò lè wọ̀ mí lọ́rùn. N kò rántí sọ pé olùkọ́ mẹ́rin la máa ń jẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tí bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mẹ́ta á kù.

Ìmúra

Mo múra dáadáa, mo lè sọ ìyẹn láìfòyà. Mo wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ka òfin ọgbà náà nípa ohun kọ̀ọ̀kan tí ọmọ lè gùn. Èyí tó wu ọmọ náà jù ni roller coaster kékeré kan tí wọ́n kùn bí kòkòrò aláwọ̀ ewé. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ẹni tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 100 kò lè gùn ún rárá. Ẹni tó bá wà láàárín 100 sí 120 gbọ́dọ̀ ní àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ju 120 lọ lè dá gùn ún.

Mo bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, mo fẹ̀yìn rẹ̀ ti férémù ilẹ̀kùn, mo gbé ìwé líle kan lé e lórí, mo tẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì fi pẹ́ńsù fa ìlà. Sẹ̀ǹtímítà 104. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá mi lójú. Mo wá sọ fún un pé, "O ga tó. A jọ máa gùn ún."

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, bó bá ti jí, ibi férémù yẹn ló máa kọ́kọ́ lọ. Á fẹ̀yìn tì í, á gbọ́wọ́ lé orí, á yípo wò ó bóyá òun ṣì kan ìlà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìṣesí rẹ̀ yìí.

Lábẹ́ ọ̀rọ̀ nípa gíga, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí ojú ìwé kan náà. Wọ́n ní kí aláboyún, ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dùn má ṣe gùn ún. Mo rí i. N kò ní sọ pé n kò rí i. Mo kà á bí a ṣe máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páálí oògùn, ojú mi kọjá lórí rẹ̀, ọkàn mi sì ní àwọn tó ń ṣàìsàn nìyẹn wà fún. Mo rò pé ọmọ nìkan ni òfin ibẹ̀ ń wọ̀n.

Mo ti kà sí i lẹ́yìn tí a dé, ó sì yé mi wàyí ìdí tí wọ́n fi so ara ọmọ àti ara àgbà pọ̀ báyìí. Gíga gan-an kọ́ ni wọ́n ń wá. Irin tó ń di ènìyàn mú nínú ọkọ̀ náà ni wọ́n ṣe kó lè jókòó lé itan àti ìbàdí ara tó tó ìwọ̀n kan. Bí ara bá kéré sí i, ọmọ lè yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá já wálẹ̀ tàbí tó bá ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Gíga ni ohun tí òṣìṣẹ́ lè yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́nu ọ̀nà láìda ìlà rú. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n náà fi ń yàtọ̀ láti orí ọkọ̀ kan sí èkejì, àní nínú ọgbà kan náà. Ní Magic Kingdom, ọgbà ìgbafẹ́ Disney kan tó wà ní Florida, ní Amẹ́ríkà, sẹ̀ǹtímítà 112 ni wọ́n ń béèrè fún roller coaster tí wọ́n ń pè ní Space Mountain, 89 péré sì ni fún Barnstormer tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé. Àmọ́ gíga nìkan kò tó fún ọmọ kékeré. Kó lè jókòó jẹ́ẹ́, kó má na ọwọ́ síta, kó má dìde bí ẹ̀rù bá bà á, ó yẹ kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè dì í mú. Ní àwọn ọgbà Disney, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún méje kò lè gùn láìsí ẹni tó tó ọdún 14 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbàlagbà náà wá di apá kan lára ohun tó ń dáàbò bo ọmọ náà, bí irin yẹn ṣe jẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òun náà le.

Bí àgbà bá jẹ́ méjì, ọ̀nà àbáyọ wà. Ọ̀pọ̀ ọgbà ló gbà kí ẹnì kan gùn ún kí ẹnì kejì dúró ti ọmọ, kí wọ́n sì pààrọ̀ láìtún ìlà tò. Tàbí kí ẹni tí ara rẹ̀ le bá ọmọ gùn ún, kí èkejì dúró nísàlẹ̀ máa juwọ́. Ẹni tó dá nìkan mú ọmọ wá kò ní àpààrọ̀. Ohun tí ara rẹ̀ kò bá lè ṣe, ọmọ náà ò ní ṣe é.

Òwúrọ̀

Òwúrọ̀ náà dùn, n kò sì ní fa ọ̀rọ̀ gùn lórí rẹ̀. A débẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí géètì. Obìnrin kan tó wà níbẹ̀ kọ nọ́ńbà fóònù mi sára báńdì tí wọ́n so mọ́ ọmọ náà lọ́rùn ọwọ́. Kí a tó kúrò lójú géètì, mo ya fọ́tò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀: aṣọ aláwọ̀ ìyeyè, ṣòkòtò péńpé, bàtà funfun. Àṣà ẹnu iṣẹ́ ni. Bí ọmọ bá sọnù, tí ọkàn rẹ bá sì ti dàrú, o kò ní rántí àwọ̀ aṣọ tó wọ̀, àní bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ lo wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn. A wọ ọkọ̀ ojú omi. A wo àwọn tó ń fi ọmọlangidi ṣeré. Lẹ́yìn náà a lọ tò síbi kòkòrò aláwọ̀ ewé.

Ìlà náà gùn. Ó gbà wá tó ogójì ìṣẹ́jú. Orúnkún mi ti ń sọ̀rọ̀, n kò dá a lóhùn. Ọmọ náà ń ka orí àwọn tó wà níwájú wa, bó bá ti ku èèyàn mẹ́ta, á tún ka ara wa mọ́ ọn.

Ẹnu ọ̀nà

Òpó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé láti ibì kan sókè, àwọ̀ pupa sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dúró tì í. Ó ní kí ọmọ náà fẹ̀yìn ti òpó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ irun rẹ̀ rọra, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìlà, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ó ga tó," ló wí. Èmi ló sọ ọ́ fún, kò sọ ọ́ sókè, ọkọ̀ náà sì ń kọjá lókè orí wa lọ́wọ́ pẹ̀lú ariwo irin. Ọmọ náà kò gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ wà lókè, lọ́dọ̀ àwọn tó ń pariwo.

Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ máa jókòó tì í, mà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ka pátákó yìí. Ṣé kò sí èyí tó kàn yín níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ tí mo ti kà nílé náà ni, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà báyìí, pẹ̀lú àwòrán ọkàn tí wọ́n fi ìlà pupa dábùú. Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn wa. Mo mọ̀ pé kò ní ohun tó fẹ́ fi wọn ẹ̀jẹ̀ mi wò. Bí mo bá ní rárá, á ṣí irin fún wa. Mo dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì dà bíi pé ó pẹ́. Mo rò ó pé bí nǹkan bá ṣe mí lókè yẹn, ọwọ́ tí mo fẹ́ fi di ọmọ mú ni yóò kọ́kọ́ ré. Mo fà mọ́ ọn, mo sọ fún un pẹ̀lẹ́ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi, mà," ló wí. "Ẹ má bínú. N kò lè jẹ́ kí ẹ gùn ún, òun náà ò sì lè dá gùn ún." Ó fi ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kan hàn wá tí a lè gbà jáde.

Ibi tí mo sọ òtítọ́ fún àlejò nìyẹn. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí ọmọ náà fi gbé ojú sókè wò mí.

"Màmá àgbà, àwa ló kàn. Ibo là ń lọ?"

Mo sì sọ pé, "Wọ́n ní o ò tíì ga tó."

Mo rántí gbólóhùn náà bó ṣe jáde lẹ́nu mi, àti bí ohùn mi ṣe rí, ohùn jẹ́jẹ́ tí a fi ń tu ọmọ nínú. Kò sunkún. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún lé orí ara rẹ̀, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, bó ṣe máa ń ṣe níbi férémù nílé, ó sì fi sílẹ̀ síbẹ̀ bí a ṣe ń rìn lọ.

"Ṣùgbọ́n mo ga tó nílé," ló wí.

"Ìwọ̀n tibí yàtọ̀," ni mo fi dáhùn.

Ìyẹn jẹ́ irọ́ méjì. Èkejì wà kí àkọ́kọ́ má bàa ṣubú.

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tí mo fi ṣe é. Ojú tì mí, òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Mo ti sọ fún un pé a jọ máa gùn ún, mi ò sì fẹ́ kó mọ̀ pé ìlérí náà ju ohun tí ara mi lè ṣe lọ. Ó rọrùn láti gbé e lé e lórí, nítorí ọmọ kékeré ni, ọmọ kékeré sì máa ń ga sí i. Mo rò pé kò ní dùn ún pẹ́. Èmi tí mo ti jókòó níwájú àwọn òbí fún ọdún 31, tí mò ń sọ fún wọn pé ohun tí ọmọ bá gbọ́ nípa ara rẹ̀ láti ẹnu wa ló máa ń gbà gbọ́ jù! Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì ṣe é.

Ìṣẹ́jú 11

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tó wà níbi òjìji. Mo fẹ́ pe ìyá rẹ̀. Fóònù wà nísàlẹ̀ àpò, awò ojú mi tún wà lábẹ́ fóònù, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú àpò. Nígbà tí mo gbé orí sókè, kò sí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Fóònù mi fi hàn pé aago 11:52 ni mo tẹ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ tí n kò sì dúró kó gbé e. Aago 12:03 ni wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 11 ni. Mo kọ ọ́ síbí torí pé bí ẹnì kan bá bi mí lọ́jọ́ náà, mà bá ní wákàtí kan.

Omi ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá ti bójú tó ọmọdé rí mọ ìdí. Odò àfọwọ́ṣe náà wà ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ sí wa, wọ́n sì ti sọgbà yí i ká, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo kígbe ẹ̀. Lẹ́yìn náà n kò sáré káàkiri. Mo lọ bá òṣìṣẹ́ tó sún mọ́ mi jù, obìnrin kan tó ń gbálẹ̀, mo fi fọ́tò àárọ̀ hàn án. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó yọ rédíò ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ka aṣọ ìyeyè àti bàtà funfun sí i, ó ní kí n jókòó padà síbi tí ọmọ náà ti fi mí sílẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọmọ náà yóò padà wá bó bá rántí mi. Ó ṣòro fún mi láti jókòó. Etí mi ń lù kìkì. Mo rántí pátákó yẹn, mo rántí ọkàn tí wọ́n fi ìlà pupa dábùú.

Níbi òpó ni wọ́n ti rí i.

Mo rí i láti òkèèrè kí òun tó rí mi. Ó ti gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí a gbà jáde padà wọlé. Ó fẹ̀yìn ti òpó, ó na ara tàntàn, ó gbé gìgísẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ títí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń gbọ̀n nínú bàtà. Ọwọ́ kan wà pẹrẹsẹ lórí rẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ibi tí ọwọ́ náà dé lára òpó. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti lóṣòó níwájú rẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà tó wà lára báńdì ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, kò fò mọ́ mi. Ó wò mí tààrà.

"Màmá àgbà, bọ̀dá yìí ní mo ga tó. Ẹ̀yin ẹ ní mi ò ga tó. Èwo ni òótọ́?"

Òótọ́

Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè lóṣòó bíi ti ọmọkùnrin náà, mo bá jókòó sórí àtẹ̀gùn kan kí ojú wa lè wà ní ọgbọọgba. Mo sọ fún un pé òun ga tó. Mo sọ fún un pé èmi ni wọn ò lè jẹ́ kí n gùn ún, pé ẹ̀jẹ̀ mi máa ń ru jù nínú ara mi, pé ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo oògùn láràárọ̀, àti pé ọkọ̀ yẹn lè mú kó ru sí i. Mo ní, "Ojú ló tì mí láti sọ ọ́ fún ọ. Mo wá sọ pé ìwọ ni. Mo purọ́. Má bínú sí mi."

Ó ronú. Mo rí i pé ó ń ronú.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Kì í dùn mí."

"Ṣé oògùn yẹn máa mú un lọ?"

"Kò ní mú un lọ. Á mú kó rọlẹ̀."

Ó yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó bi í bóyá òun lè bá a gùn ún. Ó dá a lóhùn pé iṣẹ́ òun ni kí òun dúró ti òpó, òun ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá sunkún, sunkún gidi, ó la ẹnu, ó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo dì í mú. Ẹkún yẹn tù mí lára. Ohun tó fẹ́ ni kò rí gbà, ẹkún irú ìyẹn máa ń tán, ó sì tán kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Ohun tó gbé ọwọ́ lé orí fún lẹ́ẹ̀kan yẹn, tí kò sunkún sí, n kò mọ ìgbà tí ì bá tán bí kì í bá ṣe pé ó lọ wá òótọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹṣin onígi

Lẹ́yìn tí ó nu ojú, a lọ síbi ẹṣin onígi. Ó yan èyí tó funfun tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù kun gọ̀gọ̀ rẹ̀. Kó tó gùn ún, ó lọ bá obìnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì bi í ní ohùn tí gbogbo ìlà gbọ́:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè wọ ibí yìí?"

Obìnrin náà wò mí. Mo fi orí dá a lóhùn pé èmi ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé kí màmá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin kí wọ́n sì di ọ̀pá mú. Bí a ṣe ṣe nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo fi ọwọ́ kan di ọ̀pá mú, mo fi èkejì gbá a lẹ́yìn, ẹṣin náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ń kọjá níwájú ojú mi bó ṣe ń lọ sókè sódò.

Walt Disney, ẹni tó dá àwọn ọgbà Disney sílẹ̀, fúnra rẹ̀ sọ pé orí bẹ́ǹṣì lòun wà, ní Griffith Park ní Los Angeles, tí òun ń wo àwọn ọmọ òun obìnrin méjèèjì lórí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, nígbà tó wá sí òun lọ́kàn pé ó yẹ kí ibì kan wà tí òbí àti ọmọ ti lè jọ gbádùn ara wọn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje ọdún 1955 ló ṣí Disneyland ní Anaheim. Mo ti mọ ìtàn yìí tipẹ́, àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà fún mi níbi ẹṣin yẹn. Ohun tó wu bàbá yẹn ni kó kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ohun tó wu èmi náà nìyẹn, ó sì wù mí débi pé mo gbàgbé pé ohun tí a lè jọ ṣe pọ̀ nínú ọgbà yẹn, pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo ti so gbogbo ọjọ́ náà mọ́.

Títí a fi kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́ta, kò sí ẹnu ọ̀nà tí a dé tí ọmọ náà kò béèrè nípa tèmi kó tó fẹ̀yìn ti òpó fún tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ojú tì mí. Nígbà tó fi máa di ìgbà kẹta, ó ti ń tù mí nínú.

Nílé

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìṣẹ́jú 11 yẹn ló ká a lára jù, irọ́ yẹn ló ká èmi lára jù, a ò sì tíì fẹnu kò lórí èyí tó burú ju èkejì. Ó ní, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n sún un síwájú?" N kò ní èsì. Ọ̀kan ló fa èkejì, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn: bí mo bá ti sọ òótọ́ fún ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, á sunkún níbẹ̀, mà dì í mú, kò ní sí ohun tó fẹ́ lọ wọ̀n padà.

Mo sọ ọ́ fún dókítà mi náà nígbà tí mo lọ gba oògùn. Ó ní ọmọkùnrin yẹn ṣe dáadáa, àti pé oògùn tí mò ń lò máa ń mú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ lójoojúmọ́ ni, kò túmọ̀ sí pé ìjáyà òjijì kò lè gbé e sókè.

Bí mo bá tún máa ṣe é, màá ka òfin náà láti apá tèmi kí n tó ka ti ọmọ. Ohun tí n kò bá lè gùn, n kò ní fi ṣèlérí àyàfi bí ẹnì kejì bá ń bọ̀. Màá sọ fún ọmọ náà nílé, níbi tí kò sí ìlà tàbí ariwo, pé èyí ni ìwọ lè ṣe, èyí sì ni èmi ò lè ṣe, ìdí rẹ̀ rèé. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè gbọ́ ọ. Tèmi gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn tí wọ́n ti já a kulẹ̀, ó sì yé e. Nípa ti àpò, ohun kékeré ni: kí n tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀, màá fi okùn rẹ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́, màá ní kó bá mi dì í mú.

Ìyá rẹ̀ ti gba ààyè níbi iṣẹ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń lọ lóṣù tó ń bọ̀, òun ni yóò bá a gun kòkòrò aláwọ̀ ewé. Ọmọ náà ti padà sí ìdí férémù láràárọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ó ní kí èmi náà wá fẹ̀yìn tì í. Ó gun àpótí, ó gbé ìwé líle lé mi lórí, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà tó wọ́. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ mú báírò pupa, ó tún gun àpótí, ó sì tọ́ àmì róbótó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tèmi. Mo bi í pé kí nìyẹn.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ni," ló wí. "Kí ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n yín lè rí i."